Bí A Ṣe Ń Sọ Fọ́-Wíìlì Ìgbà Gbogbo Di Fọ́-Wíìlì Ìgbà Àìní

Bí ẹ bá ra pikọ́ọ̀pù àtijọ́ ti Amẹ́ríkà, irú Chevrolet, GMC, Dodge tàbí Ford tó jáde láàárín ọdún 1973 sí 1979, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń fa ọkọ̀ nígbà gbogbo, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ yí i padà, kí ẹsẹ̀ iwájú má fa mọ́ àfi ìgbà tí ẹ bá fẹ́. Iṣẹ́ náà kò le tó bó ṣe ń dún létí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan bóòtì kan ṣoṣo, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ yọ, iṣẹ́ tó ń ṣe fún yín, àti ẹni tí yóò máa ṣe iṣẹ́ náà tí ẹ bá ti yọ ọ́ tán. Ẹ̀yin awakọ̀ ni ẹni náà.

Oríṣi méjì ni fọ́-wíìlì

Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì lè fi agbára yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni à ń pè ní fọ́-wíìlì. Èyí tó ń yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ìgbà tí ẹ bá ti tan ọkọ̀ títí tí ẹ ó fi pa á ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní full-time. Àwa yóò máa pè é ní fọ́-wíìlì ìgbà gbogbo. Èyí tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń fà lójoojúmọ́, tí awakọ̀ yóò wá fọwọ́ ara rẹ̀ so iwájú mọ́ ọn nígbà tí ọ̀nà bá burú, ni part-time. Àwa yóò máa pè é ní fọ́-wíìlì ìgbà àìní.

Ọ̀nà tí agbára ń gbà

Agbára ẹ́ńjìnnì ń kọ́kọ́ gba inú jíábọ́ọ̀sì kọjá. Nínú ọkọ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń fà, ó ń ti ibẹ̀ bọ́ sórí ọ̀pá gígùn kan tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀, èyí tí a mọ̀ sí páfẹ́lá, títí dé ẹ̀yìn. Nínú ọkọ̀ fọ́-wíìlì, àpótí irin kan tún wà lẹ́yìn jíábọ́ọ̀sì, transfer case lórúkọ rẹ̀. Tránsífà la óò máa pè é. Òun ló ń pín agbára sọ́nà méjì: páfẹ́lá kan lọ sẹ́yìn, páfẹ́lá kejì lọ síwájú.

Ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yà. Ẹ fojú inú wo ènìyàn méjì tó gbé pákó gígùn kan, tí wọ́n ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí wọ́n bá dé ìkóríta tí wọ́n fẹ́ yà, ẹni tó wà nínú yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, ẹni tó wà lóde yóò sì máa sáré gbẹ́sẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pàṣẹ pé ìṣísẹ̀ àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, wọn kò ní lè yà.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni táyà ṣe ń ṣe. Tí ọkọ̀ bá yà sápá òsì, táyà ọ̀tún rin jìnnà ju ti òsì lọ. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ní differential láàárín táyà méjèèjì ẹ̀yìn, èyí tí àwọn mẹkáníìkì gé kúrú sí dífù. Jíà kéékèèké inú rẹ̀ ń jẹ́ kí táyà kan yára ju èkejì lọ, síbẹ̀ kí agbára máa dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Ọkọ̀ fọ́-wíìlì ní ọ̀kan lẹ́yìn, ó ní ọ̀kan níwájú.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kò tíì tán. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà, àwọn táyà iwájú lápapọ̀ ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, nítorí pé ti ẹ̀yìn máa ń gba inú gé ìkóríta. Páfẹ́lá iwájú ní láti yára ju ti ẹ̀yìn lọ. Bí a bá so méjèèjì pọ̀ gírígírí lórí ọ̀dà gbígbẹ, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn fà á. Sítíárìn yóò wúwo, táyà yóò máa fò kọ́-kọ́-kọ́ lórí títì, agbára tó há sáàárín jíà yóò sì máa wá ibi tí yóò gbà jáde. Nínú ẹrẹ̀ tàbí yanrìn, kò sí wàhálà, nítorí pé táyà máa ń yọ̀ díẹ̀, ìfà náà á sì dẹ̀.

Ohun tó wà nínú tránsífà yín

Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà yanjú ọ̀ràn yìí nípa fífi dífù kẹta sínú tránsífà fúnra rẹ̀, láàárín páfẹ́lá iwájú àti ti ẹ̀yìn. Dífù àárín la óò máa pè é. Tránsífà tó gbajúmọ̀ jù nínú irú èyí ni NP203, iṣẹ́ ọwọ́ ilé iṣẹ́ New Process Gear. Ṣéènì gbígbòòrò kan ló ń gbé agbára láti òkè rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sọ́dọ̀ páfẹ́lá iwájú. Pẹ̀lú dífù àárín yìí, awakọ̀ kò ní ohunkóhun láti rò. Ọ̀dà gbígbẹ ni o, òjò ni o, yìnyín ni o, ó kàn ń lọ ni.

Dífù àárín ní àléébù kan tó bá a wá láti ìbẹ̀rẹ̀: ibi tó bá rọrùn jù láti yí ló máa ń jẹ́ kí agbára sá lọ. Bí táyà iwájú kan bá wọ inú ẹrẹ̀ tó ń yí lásán, agbára lè gba ibẹ̀ tán, kí táyà mẹ́ta yòókù dúró gbagidi. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi títì sí i. Lórí ọ̀pá jíà tránsífà, ẹ óò rí HI, èyí tó wà fún ìrìn ojoojúmọ́, àti LO, èyí tó ń dín ìyára kù sí nǹkan bí ìdajì kí agbára lè pọ̀ sí i. Ẹ óò rí HI LOC àti LO LOC pẹ̀lú. LOC túmọ̀ sí pé dífù àárín ti di títì, iwájú àti ẹ̀yìn sì ti so pọ̀ ṣọ̀kan. N tó wà láàárín wọn kò so mọ́ ibì kankan. Ẹ rántí LOC yìí dáadáa, nítorí pé òun ni gbogbo àtúnṣe yìí dá lé.

Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi ń yọ ọ́?

Ọdún 1973 tí tránsífà yìí wọ ọjà náà ni epo bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n gógó ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dáwọ́ títa epo fún wọn dúró. Ọkọ̀ tó ń yí páfẹ́lá méjì, dífù mẹ́ta àti ṣéènì kan ní gbogbo ìgbà kò bá irú àkókò bẹ́ẹ̀ mu. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1980, àwọn ilé iṣẹ́ náà ti pa NP203 tì, wọ́n sì ti ń bọ́ sórí àwọn tránsífà bíi NP208, tó jẹ́ fọ́-wíìlì ìgbà àìní. Ẹni tó bá yí tirẹ̀ padà lónìí, ọ̀nà tí wọ́n gbà nígbà náà lòun náà ń tọ̀.

Epo nìkan kọ́ ni ìdí, kò tilẹ̀ yẹ kó jẹ́ ìdí àkọ́kọ́. Pikọ́ọ̀pù tó wúwo tó sì ga bí ògiri yóò ṣì jẹ epo bó ti wù kó rí, nítorí náà ẹ má ṣe retí pé owó epo tí ẹ óò rí fi pamọ́ yóò tètè san owó àtúnṣe náà padà. Ìdí tó lágbára jù ni ọjọ́ orí. Ṣéènì máa ń nà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Tó bá ti nà jù, ó lè máa fo eyín jíà tàbí kó máa ha ara àpótí. Àwọn oríkèé páfẹ́lá iwájú, bẹ́rìn-ìn àti jíà iwájú náà ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo kìlómítà tí ẹ bá wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò nílò wọn. Tí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n sinmi, wọn yóò pẹ́.

Apá méjì ni àtúnṣe náà ní

Apá kìn-ín-ní wà nínú tránsífà. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Mile Marker ń ta àkójọ irin tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí gan-an. Ohun tó ń ṣe kò lọ́jú pọ̀: a óò yọ àwọn jíà kéékèèké inú dífù àárín kúrò, a óò sì fi irin tuntun rọ́pò wọn, èyí tí yóò so páfẹ́lá ẹ̀yìn mọ́ agbára tó ń wọlé láìsí ohun tó lè yà wọ́n. Apá tó lọ síwájú yóò wá wà lófìífo, kò ní rí agbára gbà àfi tí ẹ bá fa ọ̀pá jíà sí LOC. Títì tó ti wà níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ni yóò máa so iwájú mọ́ ẹ̀yìn.

Apá kejì wà ní ẹsẹ̀ iwájú. Bí tránsífà kò bá tilẹ̀ fún iwájú ní agbára, táyà iwájú tó ń yí lórí títì yóò ṣì máa fa ọ̀pá inú rẹ̀, ọ̀pá yóò fa dífù, dífù yóò fa páfẹ́lá, páfẹ́lá yóò fa ṣéènì. Gbogbo wọn yóò máa yí lásán. Kí wọ́n tó lè sinmi, a gbọ́dọ̀ fi locking hubs sí ojú táyà iwájú méjèèjì. Họ́ọ̀bù aṣeétì la óò máa pè é. Ó ní ìdérí kan tí ẹ lè fọwọ́ yí. Tí ẹ bá ṣí i, táyà yóò máa yí lọ fúnra rẹ̀, ọ̀pá inú yóò sì dúró jẹ́ẹ́. Tí ẹ bá tì í, táyà àti ọ̀pá yóò di ọ̀kan.

Kí ẹ tó náwó

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé NP203 ni ẹ ní. Bí ẹ bá rí LOC lórí ọ̀pá jíà rẹ̀, ẹ ti sún mọ́ ọn. NP205, tó wà nínú ọ̀pọ̀ pikọ́ọ̀pù àkókò kan náà, jẹ́ fọ́-wíìlì ìgbà àìní láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá, kò sì ní ṣéènì; ẹni tó bá ní in kò nílò ohun tí à ń sọ yìí. Jeep náà ní fọ́-wíìlì ìgbà gbogbo tirẹ̀ nígbà náà, Quadra-Trac, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mìíràn ni, irin NP203 kò sì lè wọ inú rẹ̀.

Ẹ wo ojú táyà iwájú pẹ̀lú. Ní ara àwọn pikọ́ọ̀pù kan, ìdérí pẹlẹbẹ kan ló so ọ̀pá mọ́ táyà. Tí ẹ bá yọ ọ́, họ́ọ̀bù aṣeétì lè bọ́ sí àyè rẹ̀. Ní ara àwọn mìíràn, pàápàá àwọn Dodge kan, ọ̀pá ìta àti ojú rẹ̀ ni wọ́n rọ pọ̀ ṣọ̀kan, kò sì sí àyè fún họ́ọ̀bù àfi tí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀pá náà àti àwọn ohun tó yí i ká. Ibẹ̀ ni owó máa ń sá gba. Ẹ ka eyín tó wà lẹ́nu ọ̀pá náà kí ẹ tó ra họ́ọ̀bù, nítorí pé iye eyín wọn kò dọ́gba láti ọkọ̀ dé ọkọ̀.

Bí ṣéènì bá ti nà tàbí tí bẹ́rìn-ìn bá ń pariwo, àtúnṣe yìí kò wò wọ́n sàn. Àsìkò tí àpótí bá wà ní ṣíṣí ló dára jù láti pààrọ̀ wọn.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ fi òkúta tàbí igi há táyà, kí ẹ sì gbé ọkọ̀ lé orí òpó irin kúkúrú (jack stand) tó lè gbé e. Jáàkì nìkan kò tó láti wọ abẹ́ ọkọ̀ tó wúwo báyìí.

Ẹ tú ọ́ìlì tránsífà jáde, kí ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá rí èérún irin tó pọ̀ nínú rẹ̀, ohun kan ti ń bàjẹ́ nínú lọ́hùn-ún.

Ẹ fi ẹfun tàbí ọ̀dà sàmì sí ibi tí páfẹ́lá ẹ̀yìn ti pàdé tránsífà kí ẹ tó tú u, kí ó lè padà sí ojú kan náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ lè máa gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò tú okùn tó ń gbé ìyára lọ sí dáṣíbọ́ọ̀dù, àti ilé ẹ̀yìn tránsífà. Dífù àárín wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà kò di dandan kí ẹ sọ gbogbo àpótí kalẹ̀.

Bí ẹ bá ti ń fa dífù náà jáde, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́. Àwọn bẹ́rìn-ìn wínníwínní wà tí wọn kò so mọ́ ohunkóhun. Bí ọ̀kan bá já bọ́ sínú àpótí tí ẹ kò sì mọ̀, yóò ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ sábẹ́, ẹ kà wọ́n, kí ẹ sì fi gíríìsì lẹ̀ wọ́n mọ́ àyè wọn nígbà tí ẹ bá ń dá wọn padà.

Ẹ tún sàmì sí ìdajì méjèèjì ilé dífù kí ẹ tó là á, kí wọ́n lè pàdé bí wọ́n ṣe wà. Ẹ yọ jíà inú rẹ̀, ẹ fi irin tuntun sí i gẹ́gẹ́ bí ìwé tó bá a wá ṣe wí, kí ẹ sì fún bóòtì rẹ̀ dé ìwọ̀n tí ìwé náà sọ. Ẹ fi gáskẹ́ẹ̀tì tuntun dé àpótí padà. Ọ́ìlì tí olùṣe irin náà bá dárúkọ ni kí ẹ rọ sí i.

Họ́ọ̀bù ló kù. Ẹ yọ ìdérí àtijọ́ ní ojú táyà, ẹ fọ inú rẹ̀, ẹ yẹ bẹ́rìn-ìn wò, ẹ fi gíríìsì tuntun sí i, kí ẹ sì de họ́ọ̀bù mọ́ ọn. Ẹ fi ọwọ́ yí i sí títì àti ṣíṣí nígbà mélòó kan kí ẹ tó sọ táyà kalẹ̀.

Bí ẹ óò ṣe máa wà á

Láti ọjọ́ náà lọ, ìtumọ̀ ọ̀pá jíà ti yí padà. HI ti di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan. HI LOC ti di fọ́-wíìlì, bí họ́ọ̀bù méjèèjì bá wà ní títì. LO LOC ni fọ́-wíìlì ìyára kékeré fún òkè àti ẹrẹ̀ jíjìn. LO nìkan ti di ìyára kékeré fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ó wúlò fún fífi tírélà padà sẹ́yìn lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Kí ẹ tó wọ ibi tó burú, ẹ dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti họ́ọ̀bù méjèèjì. Bí ẹ bá fa ọ̀pá sí LOC tí họ́ọ̀bù ṣì wà ní ṣíṣí, páfẹ́lá iwájú yóò yí, ṣùgbọ́n táyà iwájú kò ní fa ohunkóhun. Bí ẹ bá ti padà sórí ọ̀dà gbígbẹ, ẹ yọ ọ̀pá kúrò ní LOC kíákíá, nítorí pé dífù tó ń gbà yín lọ́wọ́ ìfà ìkóríta kò sí mọ́.

Ẹ má ṣe pa apá iwájú tì títí láé. Ṣéènì ló ń da ọ́ìlì ká inú àpótí nígbà tó bá ń yí. Tí họ́ọ̀bù bá wà ní ṣíṣí fún oṣù púpọ̀, ọ́ìlì kò ní máa dé òkè bó ṣe yẹ. Ẹ máa ti họ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wa ọkọ̀ ní HI fún ìgbà díẹ̀, kí ṣéènì lè yí kí gbogbo ara àpótí sì rí ọ́ìlì.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú tó léwu

Àwọn kan máa ń ra họ́ọ̀bù nìkan, wọn kò ní fọwọ́ kan inú tránsífà. Wọn a ṣí họ́ọ̀bù, wọn a sì máa wa ọkọ̀ ní HI LOC. Yóò rìn, nítorí pé títì náà ń fi agbára ránṣẹ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n páfẹ́lá iwájú àti ṣéènì ṣì ń yí, nítorí náà ohun tí wọ́n fẹ́ kó sinmi kò sinmi tán.

Ewu tó tóbi jù wà nínú ìgbàgbé. Bí ọ̀pá bá wà ní HI tí họ́ọ̀bù wà ní ṣíṣí, dífù àárín yóò da gbogbo agbára sí iwájú tí kò so mọ́ táyà. Ẹ́ńjìnnì yóò máa ké, ọkọ̀ kò ní kúrò. Èyí tó burú jù ni pé bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ọ̀tọ̀mátíìkì, ipò P kò lè dá a dúró, nítorí pé páfẹ́lá iwájú yóò kàn máa yí padà sẹ́yìn, ọkọ̀ yóò sì yí gẹẹrẹ lọ lórí òkè. Bí ẹ bá ń lo ọ̀nà yìí fún àsìkò díẹ̀ kí irin yín tó dé, bíréèkì ọwọ́ kì í ṣe ohun tí ẹ lè gbàgbé. Nínú ọkọ̀ tí a tún inú tránsífà rẹ̀ ṣe tán, ewu yìí kò sí, àfi tí ẹ bá fi tránsífà sí N.

Ọkọ̀ mìíràn, ìlànà kan náà

Toyota Land Cruiser 80, tó kọ́kọ́ jáde ní nǹkan bí ọdún 1990 tí ọ̀pọ̀ wọn sì ṣì ń rìn ní ilẹ̀ wa, ní irú ìtàn yìí. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ fọ́-wíìlì ìgbà gbogbo tó ní dífù àárín, wọ́n sì ń ta irin àtúnṣe fún un, pàápàá ní Australia. Ìlànà náà kò yàtọ̀: ẹ yọ iṣẹ́ dífù àárín, ẹ fi họ́ọ̀bù aṣeétì síwájú. Irin rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Ta ni kó má ṣe é?

Ẹni tó ń gbé ibi tí òjò tàbí yìnyín ti máa ń pọ̀ lórí títì, tí ọ̀nà rẹ̀ ń yọ̀ níbì kan tó sì gbẹ ní ibi kejì, ni fọ́-wíìlì ìgbà gbogbo ṣe fún. Bí tránsífà rẹ̀ bá ṣì dára, kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹlòmíràn nínú ilé bá ń wa ọkọ̀ náà tí kò sì fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ họ́ọ̀bù àti LOC, àtúnṣe yìí yóò dá ìjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dà gbígbẹ bá jẹ́ ọ̀nà yín lọ́pọ̀ ìgbà, tí ẹ mọ ọjọ́ tí ẹ ń lọ oko tàbí inú ẹrẹ̀, tí kò sì nira fún yín láti sọ̀ kalẹ̀ yí họ́ọ̀bù méjì, ẹ ṣe é. Kí ẹ wá lẹ ìwé kékeré kan mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó sọ ìtumọ̀ tuntun tí HI, LO àti LOC ní, nítorí ẹni tí yóò yá ọkọ̀ náà lọ́wọ́ yín, tàbí ẹni tí yóò rà á lẹ́yìn yín.